Èéfín tó ń mú ayé gbóná: Ta ni kó sanwó jù?

Ẹni tó bá ti gbé ilé tí ayálégbé pọ̀ sí rí yóò mọ ìjà owó iná. Bí bíìlì bá dé, ẹni tó ní fíríìjì á ní kí wọ́n pín in ní yàrá-yàrá. Ẹni tí gílóòbù kan ṣoṣo ń tàn ní yàrá rẹ̀ á ní kí wọ́n wo ohun tí kálukú ń lò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé á ní gbèsè tí òun bá nílé kò kan òun. Bíìlì kan náà ni o, àmọ́ bí wọ́n bá ṣe pín in ló máa sọ ẹni tí owó rẹ̀ máa pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè rí lórí èéfín tó ń mú ayé gbóná.

Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù-dàyọ́ksáìdì là ń sọ. Ojú kì í rí i, àmọ́ ó máa ń jáde bí wọ́n bá ti sun èédú ilẹ̀, epo rọ̀bì tàbí gáàsì. Lọ́dún 2023, nǹkan bíi bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 37 ni gbogbo ayé tú síta.

Bí a bá kà á ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, Ṣáínà ló ṣáájú. Tirẹ̀ lé ní ìdá 30 nínú 100. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 13, Íńdíà sì ní nǹkan bí ìdá 8. Ti Nàìjíríà kò tó ìdá 1.

Àmọ́ èèyàn bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 400 ló wà ní Ṣáínà. Bí a bá pín in ní orí-orí, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 14 ló kan ọmọ Amẹ́ríkà kan lọ́dún, 8 ló kan ọmọ Ṣáínà, 2 ló kan ọmọ Íńdíà. Ti ọmọ Nàìjíríà kò tó tọ́ọ̀nù 1. Qatar, orílẹ̀-èdè kékeré tí gáàsì pọ̀ sí, ti kọjá 30.

Ẹ jẹ́ ká wá wo gbèsè àtijọ́, nítorí èéfín yìí kì í tètè kúrò lójú ọ̀run. Lọ́dún 1850, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń tú ju ìdajì ti gbogbo ayé lọ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ látìgbà náà, Amẹ́ríkà ló ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣáínà kò tíì bá a.

Ọ̀nà kẹrin tún wà. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, tí ẹ wá rà síbí, ọrùn ta ni èéfín iléeṣẹ́ tó ṣe é wà? Ṣáínà ní kí wọ́n kà á sí ẹni tó rà á lọ́rùn.

Owó ló wà nídìí àríyànjiyàn yìí. Ní Kyoto lọ́dún 1997, àwọn orílẹ̀-èdè olówó nìkan ni wọ́n dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ dín kù fún. Lọ́dún 2001, Amẹ́ríkà ní àwọn kò ṣe mọ́, pé Ṣáínà àti Íńdíà kò sí níbẹ̀. Ní Paris lọ́dún 2015, wọ́n ní kí kálukú mú ìlérí tirẹ̀ wá. Lọ́dún 2022, ọdún tí omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, wọ́n fẹnu kò ní Íjíbítì láti dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tí irú àjálù bẹ́ẹ̀ bá bá. Àwọn olówó ní kí Ṣáínà náà dá sí i. Ṣáínà ní òun ṣì ń dàgbà lọ́wọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò náà lè ṣe ìṣirò tiyín. Lítà bẹntiróòlù kan máa ń tú nǹkan bíi kílò 2.3 síta. Ṣọ́ọ̀bù tó ń jó lítà 5 lóòjọ́, fún 300 ọjọ́ lọ́dún, ti tú ju tọ́ọ̀nù 3 lọ. Ìyẹn ju ìpín ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta lọ. Kì í ṣe pé ẹ jẹ̀bi o. Àìsí iná ló fà á. Àmọ́ ẹ máa kọ iye lítà tí ẹ ń rà sínú ìwé, nítorí owó yín ló kọ́kọ́ ń jóná kó tó di èéfín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé orílẹ̀-èdè báyìí ló jẹ̀bi jù, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: báwo lẹ ṣe pín in?