Mẹ́ta Kò Tó, Àfi Mẹ́rin: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Yanjú Ọ̀rọ̀ Àwọn Palindrome

Àwọn nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé, yálà a kà wọ́n láti òsì tàbí láti ọ̀tún, bákan náà ni wọ́n rí. 747 wà lára wọn; 9009 náà wà níbẹ̀. Palindrome ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè wọ́n. Ìbéèrè kan tó dà bí eré ọmọdé ló bí iṣẹ́ ńlá: bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ nọ́ńbà kan, palindrome mélòó la máa rò pọ̀ ká tó rí i?

Ní 2016, William Banks, onímọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, tẹ ẹ̀rí jáde pé 49 tó. Kò pẹ́ tí Javier Cilleruelo ti ilẹ̀ Sípéènì àti Florian Luca fi já a wálẹ̀ sí mẹ́ta péré. Cilleruelo kú ní oṣù Kàrún-ún ọdún náà. Nígbà tí iṣẹ́ wọn fi máa jáde ní 2018, orúkọ Lewis Baxter ti kún tiwọn.

Ṣùgbọ́n mẹ́ta yẹn ní ààlà. Ọ̀nà ìkọ nọ́ńbà tó ń lo díjíìtì márùn-ún sókè nìkan ló kàn, títí kan díjíìtì mẹ́wàá tí gbogbo wa ń lò. Ó ku ti mẹ́rin, ti mẹ́ta, àti báínárì, tí kò ní ju 0 àti 1 lọ.

Jeffrey Shallit ti Yunifásítì Waterloo ní Kánádà, pẹ̀lú Aayush Rajasekaran àti Tim Smith, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n lo automaton, ẹ̀rọ orí ìwé tí òfin ń darí: á gba díjíìtì nọ́ńbà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Wọ́n ṣètò rẹ̀ débi pé “bẹ́ẹ̀ ni” yóò fi hàn pé nọ́ńbà náà jẹ́ àròpọ̀ iye palindrome tí wọ́n ń dán wò. Wọ́n wá ní kí kọ̀ǹpútà wádìí bóyá nọ́ńbà kan wà tí yóò gba “rárá”. Irú ìwádìí yìí kì í dúró lórí mílíọ̀nù tàbí bílíọ̀nù. Gbogbo nọ́ńbà ló kárí.

Èsì jáde ní 2018. Mẹ́ta tó fún díjíìtì mẹ́ta àti mẹ́rin. Ní báínárì, mẹ́rin ni.

Ìdí tí mẹ́ta kò fi tó kò le. Ní báínárì, 1 ni gbogbo nọ́ńbà tó ju òdo lọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, 1 ni palindrome gbọ́dọ̀ fi parí, kò sì ní ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Bí ẹ bá ro mẹ́ta irú rẹ̀ pọ̀, wọn ò lè jẹ́ 176, tó ṣeé pín dọ́gba. Méjì ńkọ́? Palindrome yòówù tí ẹ bá yọ kúrò nínú 176, ohun tó ṣẹ́kù kì í ṣe palindrome. Àfi mẹ́rin: 165, tí í ṣe 10100101, 9, tí í ṣe 1001, àti 1 lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá ní bíírò àti ìwé lè yẹ 176 wò kí ọbẹ̀ tó jiná. Àmọ́ pé mẹ́rin kò ní kùnà láé, ìyẹn ni wọ́n gbé fún kọ̀ǹpútà, tí 0 àti 1 jẹ́ èdè abínibí rẹ̀.