Òdòdó Tó Ń Ṣí ní Ìrọ̀lẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó máa ń ṣí ní òwúrọ̀. Ti tannápòṣó kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán, òdòdó rẹ̀ á pa dé bí ojú ọmọ tó ń sùn. Ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Òórùn dídùn á sì gba gbogbo àgbàlá. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí oòrùn sì mú, òdòdó náà á rọ. Ní ìrọ̀lẹ́, òmíràn á tún ṣí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sọ Faransé fi ń pè é ní belle-de-nuit, ìyẹn ni arẹwà òru.

Kí ló dé tó fi ń dúró de alẹ́? Àfòpiná ni àlejò rẹ̀. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ àfòpiná máa ń jáde. Wọ́n ń wá mu omi dídùn tó wà nínú òdòdó. Bí wọ́n ti ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì, wọ́n ń gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó kiri. Èyí ń mú kí òdòdó so èso.

Tannápòṣó pupa wà, funfun wà, aláwọ̀ ìyeyè sì wà. Nígbà mìíràn, àwọ̀ méjì máa ń wà lórí igi kan ṣoṣo.

Bí a ṣe ń gbìn ín

Ìlú Kétu wà lórí ilẹ̀ gíga. Omi kì í pọ̀ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, ìgbà òjò ni kí o gbìn ín.

1. Wá ibi tí oòrùn ń dé nínú àgbàlá.
2. Fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà dáadáa.
3. Fi ìka gbẹ́ ihò kékeré. Fi hóró 2 sínú rẹ̀, kí o sì fi erùpẹ̀ bò ó.
4. Fi ìṣísẹ̀ kan sí àárín ihò kan àti èkejì.
5. Bí òjò kò bá rọ̀, bu omi wọ́n ọn. Omi tí ìyá fi ṣan ẹ̀fọ́ dára fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, á hù.

Má fà á tu!

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ewé tannápòṣó lè gbẹ. Igi rẹ̀ lè wó lulẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ wú nínú ilẹ̀ bí isu kékeré. Oúnjẹ àti omi wà nínú rẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, á tún rú.

Ṣọ́ra!

Hóró tannápòṣó dúdú, ó sì rí bí iyèré. Kì í ṣe iyèré! Májèlé ni. Gbòǹgbò rẹ̀ náà, májèlé ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, inú á run ún, á sì máa bì. Fọ ọwọ́ rẹ lẹ́yìn tí o bá ṣa hóró náà. Kó o sínú ìgò, kí o sì gbé e síbi tí ọwọ́ àbúrò rẹ kò lè tó.

Ìbéèrè

1. Ìgbà wo ni tannápòṣó máa ń ṣí?
2. Ta ni àlejò rẹ̀ ní alẹ́?
3. Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ fà á tu nígbà ọyẹ́?
4. Kí ni o máa ṣe bí àbúrò rẹ bá fẹ́ fi hóró rẹ̀ sẹ́nu?