Ìgbéléwọ̀n Akẹ́kọ̀ọ́ Agbábọ́ọ̀lù Lẹ́yìn Ìdíje: Ipa Tí Èdè Ń Kó

Ìfáárà

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ọ̀tà, Sango àti agbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó yí wọn ká, eré bọ́ọ̀lù kì í parí nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìkẹyìn. Ìgbà náà gan-an ni ẹjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí ó kó ikọ̀ lọ sí pápá yóò pe àwọn ọmọ jọ, yóò sì sọ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa àti ẹni tí kò ṣe dáadáa tó. Kò ṣọ̀wọ́n kí olùkọ́ yìí jẹ́ olùkọ́ Yorùbá, tàbí kí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó wá fi iṣẹ́ olùkọ́ni dánra wò, tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì fi ikọ̀ lé lọ́wọ́ nítorí pé ọ̀dọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, síbẹ̀ gbogbo ọmọ ń retí ìdájọ́ rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀rọ̀ èdè ni ìgbéléwọ̀n agbábọ́ọ̀lù jẹ́ tó bí ó ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bí a bá ṣe hun gbólóhùn wa lè jẹ́ kí ọmọ tún eré rẹ̀ ṣe, ó sì lè lé e kúrò ní pápá pátápátá. A ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó yẹ kí á wọ̀n. A ó fi ìrírí Ademola Lookman ṣe àpẹẹrẹ. A ó sì wá sọ̀rọ̀ lórí gírámà ìgbéléwọ̀n àti àwọn ìgbésẹ̀ tí olùkọ́ lè tẹ̀ lé.

Kí ni à ń wọ̀n?

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí á máa fi góòlù nìkan wọn gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 1994, Nàìjíríà na Bulgaria ní ayò 3 sí òdo ní ìlú Dallas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tí gbogbo wa ń rántí ni Rashidi Yekini, tí ó di àwọ̀n mú tí ó sì ń ké pẹ̀lú ayọ̀ lẹ́yìn tí ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wọlé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Finidi George ni ó fi bọ́ọ̀lù náà ránṣẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni Peter Rufai, ọmọ ọba Ìdímù ní ilẹ̀ Àwórì, tí ó di olóògbé ní ọdún 2025, ni ó ṣọ́lé tí Bulgaria kò fi rí góòlù kankan gbá wọlé. Bí ó bá jẹ́ góòlù nìkan ni a kà, a ó sọ pé Rufai kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ipò tí a fi ọmọ sí ni kí á fi wọn iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ́lé, tí àwọn ọmọ ń pè ní kípà, ni a ó bi léèrè bóyá ó tètè jáde sí bọ́ọ̀lù, bóyá ó sì ń ké sí àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni a ó fi ibi tí ó dúró sí wọ̀n: ẹni tí ó bá mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró lè má fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù púpọ̀, kí ó sì jẹ́ pé òun ni ó gba ikọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó wà láàárín ni a ó ka iye ìgbà tí ó fi bọ́ọ̀lù lé ẹnìkejì lọ́wọ́ láìpàdánù rẹ̀. Bí ẹni iwájú kò bá tilẹ̀ gbá góòlù wọlé, ó lè ti fi eré sísá fa àwọn alátakò kúrò lọ́nà fún ẹlòmíràn.

Ó tún yẹ kí á rántí pé ìdíje kan ṣoṣo dà bí ìdánwò kan ṣoṣo. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1982 fi ẹsẹ̀ ìgbéléwọ̀n àtìgbàdégbà múlẹ̀ nítorí pé ìdánwò ọjọ́ kan kò tó láti fi mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Olùkọ́ tí ó gba èyí gbọ́ nínú kíláàsì kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀ lórí pápá.

Àpẹẹrẹ Ademola Lookman

Ìlú London ni wọ́n ti bí Lookman ní ọdún 1997, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ìdíje mẹ́ta nínú ayé rẹ̀ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ńlá nípa ìgbéléwọ̀n.

Èkíní wáyé ní ọjọ́ 7, oṣù kọkànlá, ọdún 2020, nígbà tí ó wà ní Fulham. West Ham ń lù wọ́n ní ayò 1 sí òdo, eré sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ni Fulham bá rí pẹnárítì gbà. Lookman rọra ta bọ́ọ̀lù náà sókè bí ẹni ń ṣeré, aṣọ́lé sì mú un wẹ́rẹ́. Scott Parker, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, kò fi ìbínú rẹ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ọ̀dọ́ tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni, pé ó sì gbọ́dọ̀ tètè kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Èkejì ni ti ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, ọdún 2024, ní ìlú Dublin. Lookman nìkan ni ó gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Atalanta fi na Bayer Leverkusen ní àṣekágbá ìdíje Europa League. Ìdíje 51 ni Leverkusen ti gbá ní sáà náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà wọ́n. Ìwé ìròyìn L'Équipe ní ilẹ̀ Faransé, tí kì í sábà fún ẹnikẹ́ni ní 10 nínú 10, fún un ní 10. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, òun ni a dé ládé agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà.

Ẹ̀kẹta ni ti ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 2025. Club Brugge na Atalanta ní ayò 3 sí 1. Abala kejì ni Lookman wọlé. Òun ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí Atalanta ní, ṣùgbọ́n ó pàdánù pẹnárítì lẹ́yìn náà. Gian Piero Gasperini, akọ́nimọ̀ọ́gbá Atalanta nígbà náà, sọ fún àwọn oníròyìn pé Lookman wà lára àwọn tí kò mọ pẹnárítì gbá jù lọ tí òun ti rí rí. Lookman dáhùn ní gbangba pé ọ̀rọ̀ náà dun òun, pé àbùkù ni. Ó ṣàlàyé pé ẹni tí ó yẹ kí ó gbá a kò fẹ́ gbá a, ni òun fi gba ẹrù náà. Gasperini sọ lẹ́yìn náà pé òun kò ní in lọ́kàn láti tàbùkù rẹ̀.

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá méjèèjì ni ó bínú, irú àṣìṣe kan náà ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Níbo ni ìyàtọ̀ wà? Parker bá ohun tí ọmọ ṣe wí, ó sì fi ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀ fún un. Gasperini ní tirẹ̀ sọ irú ẹni tí Lookman jẹ́.

Gírámà ìgbéléwọ̀n

Ìyàtọ̀ tí a rí yìí hàn kedere nínú ìhun gbólóhùn Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

1 (a) Ọ̀lẹ ni ọ́.
   (b) O kò padà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa.

2 (a) O máa ń pàdánù bọ́ọ̀lù.
   (b) O pàdánù bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní abala kejì.

3 (a) Ìwọ ni o jẹ́ kí wọ́n nà wá.
   (b) Nígbà tí góòlù kejì wọlé, ìwọ àti ẹnìkejì rẹ lọ sí ibi kan náà.

Nínú 1(a), orúkọ ni a fún ọmọ. Kò sí ìṣe kankan tí ó lè tún ṣe níbẹ̀. 1(b) dárúkọ ìṣe àti ìgbà tí ó wáyé, ọmọ náà sì mọ ohun tí yóò ṣe nígbà mìíràn. Nínú 2(a), atọ́ka ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ bárakú, ìyẹn 'máa ń', ti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan di ìwà. Kí olùkọ́ tó lo 'máa ń', ó yẹ kí ó ti wo ìdíje púpọ̀, kí ó sì ní àkọsílẹ̀. Àkíyèsí alátẹnumọ́ inú 3(a) ya ọmọ kan sọ́tọ̀ láàárín àwọn mọ́kànlá, ó sì di gbogbo ẹ̀bi rù ú.

Ìyìn pàápàá lè ní àbùkù yìí. Bí a bá sọ fún ọmọ pé 'Àbínibí ni bọ́ọ̀lù lára rẹ', ó lè rò pé òun kò nílò ìdánrawò mọ́. Ó sàn kí á sọ fún un pé, 'O wo ẹ̀yìn kí o tó gba bọ́ọ̀lù, ìdí nìyẹn tí o fi ráyè.'

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní Sango-Ọ̀tà ju ibi púpọ̀ lọ. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti kó ènìyàn jọ síbẹ̀ láti ẹ̀yà oríṣiríṣi. Ọmọ Àwórì, Ẹ̀gbá, Ègùn, Ìgbò àti Hausa lè wà nínú ikọ̀ kan. Ọmọ tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ lè má gbọ́ àwàdà tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ olùkọ́. Orúkọ tí olùkọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn ìdíje ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa pè é títí yóò fi jáde ìwé.

Kì í ṣe pé kí á má bá ọmọ wí. Àwọn Àwórì wà lára àwọn tí ó ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àṣà tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá gbogbo ayé. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, a máa ń fi orin sọ ìwà tí kò tọ́ láwùjọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìbáwí náà ní àkókò, ó ní ibi, ó sì ní ẹni tí a fún láṣẹ láti ṣe é. Ìgbéléwọ̀n orí pápá nílò irú ètò bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìgbésẹ̀ tí olùkọ́ lè tẹ̀ lé

1. Kí ó yan akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí kò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà láti máa ṣe àkọsílẹ̀ bí eré bá ṣe ń lọ. Ìrántí ẹni tí inú ń bí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.
2. Kí ó má ṣe ìdájọ́ nígbà tí òógùn ṣì wà lára àwọn ọmọ. Kí ó kí wọn kú iṣẹ́. Ọjọ́ kejì tó fún ìyókù.
3. Kí ó jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rí eré náà. Ó lè ní àlàyé tí olùkọ́ kò mọ̀, gẹ́gẹ́ bí Lookman ti ní.
4. Ohun tí ó kan gbogbo ikọ̀ ni kí ó sọ fún gbogbo ikọ̀. Àṣìṣe ẹnì kan, ìkọ̀kọ̀ ni kí ó ti sọ ọ́.
5. Kí ó dárúkọ ohun kan tí ọmọ ṣe dáadáa àti ohun kan ṣoṣo tí yóò tún ṣe, kí ó sì fi ìdánrawò tí ó bá a mu tì í.

Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun tí ọmọ ṣe ni a ń wọ̀n, kì í ṣe irú ẹni tí ó jẹ́. Pé ipò rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Àti pé ìhun gbólóhùn olùkọ́ lè tún nǹkan ṣe tàbí kí ó bà á jẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Olùkọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí ó mọ èyí jù, nítorí pé èdè ni irinṣẹ́ rẹ̀, bí ó bá wà nínú kíláàsì tàbí ní ẹ̀gbẹ́ pápá.