Irin Wo Ni Ká Fi Rọ Pọ́ǹṣì?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Samaru níbí mọ̀ pé ènìyàn kò ní láti jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ kí ó tó rọ irinṣẹ́ fún ara rẹ̀. Pọ́ǹṣì, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń sàmì sójú irin kí dírìlì má baà yọ̀, rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀. Irin tí a ó fi rọ ọ́ ni ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè.

Ọ̀kan nínú wa gé fáìlì àtijọ́ nígbà kan, ó lọ̀ ọ́ ṣóńṣó, ó sì gba hámà mú. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí ó lù ú ni orí irin náà fọ́ bí àwo. Èérún kan ya á lẹ́rẹ̀kẹ́. Díẹ̀ ló kù kí ó bá ẹyinjú.

Kábọ́ọ̀nù ló fà á. Èyí tó wà nínú fáìlì tó 1 nínú 100, ó tilẹ̀ máa ń lé, wọ́n sì ti fi iná àti omi mú un le kọjá ohun tí hámà ń fẹ́. Irin ìkọ́lé ní tirẹ̀ rọ̀ jù: kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò pọ̀, ẹnu rẹ̀ á kú kíákíá. Dírìlì tó kán ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀, òun náà máa ń fọ́.

Súpíríǹgì mọ́tò ló bọ́ sí àárín. Kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.6 nínú 100, ìgbọ̀nrìrì ojú ọ̀nà ni wọ́n sì ṣe é fún. Èyí tí a ká bí ejò dára jù, nítorí ó ti rí roboto. Kí a sáà nà án nínú iná. Ẹ ó rí i níbi títa irin àlòkù bíi Pántẹ́kà ní Kàdúná. Àwọn òyìnbó ń ta irin tí wọ́n dìídì pò fún irinṣẹ́, bíi O1 tí a ń rì bọ òróró àti S7 tí kò bẹ̀rù hámà, ṣùgbọ́n àpò akẹ́kọ̀ọ́ la ń sọ.

Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi sínú èédú, ẹ má mú orí le láé. Tí ó bá pọ́n, tí òòfà kò lè mú un mọ́, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i, kí ẹ rì í bọ òróró ẹ̀pà. Omi lè mú un sán. Ẹ gbé omorí sítòsí kí òróró má baà gbiná.

Iṣẹ́ kò tíì tán o! Ibí ni ọ̀rẹ́ wa kò dé rárá. Ẹ ha á títí yóò fi dán, kí ẹ rọra fi iná sí i láàárín. Àwọ̀ yóò máa rìn lọ sí ẹnu: pupa rúsúrúsú, àwọ̀ ilẹ̀, àlùkò, aró. Bí àlùkò bá ti ń yọjú lẹ́nu, ẹ tì í bọ omi. Bí aró bá débẹ̀, ó ti rọ̀ jù fún pọ́ǹṣì. Ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpá náà ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ wa. Súpíríǹgì ló fi rọ èyí tó ń lò báyìí, kì í sì í gbé hámà láìwọ gíláàsì.