Ọgbà Ẹranko àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ní Ìpèníjà Ara: Àlàyé fún Àwọn Olùkọ́ni, Pẹ̀lú Rigasa Gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ohun kan tí ó kéré lójú àgbà, ṣùgbọ́n tí ó máa ń dun ọmọ tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí: ọjọ́ tí kíláàsì ń lọ wo ẹranko, tí wọ́n sì ní kí ọmọ kan dúró sílé nítorí pé kò lè rìn, tàbí nítorí pé kò ríran. Ẹnikẹ́ni kò nà án, ẹnikẹ́ni kò bú u. Wọ́n kàn sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má wulẹ̀ san owó ọkọ̀ ni. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi dù ú lọ́jọ́ náà kò ní padà wá bá a nínú kíláàsì. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí ọgbà ẹranko ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó lè jàǹfààní rẹ̀, àti ibi tí iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú Rigasa. Ìjọba ìbílẹ̀ Igabi ni ó wà, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ìlú Kaduna. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ilé fún mọ́ra, ibẹ̀ náà sì ni ibùdókọ̀ ojú irin Kaduna sí Abuja wà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní oṣù Keje ọdún 2016. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kó ọmọ lọ wo kìnnìún láti ibẹ̀ lè rò ó sí Kano, níbi tí ọgbà ẹranko tí a fi orúkọ Audu Bako pè wà, tàbí sí Abuja, níbi tí ọgbà ìṣeré àti ẹranko ti àwọn ọmọdé wà ní Asokoro. Bí ó bá yan Abuja, ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ wá bá wa ka iye ìgbà tí ọmọ tí ó wà lórí àga onítáyà yóò gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀: yóò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá nílé, yóò sọ̀ ní ibùdókọ̀, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin, yóò sọ̀ ní Idu, yóò wọ bọ́ọ̀sì, yóò sọ̀ ní ẹnu géètì. Ìgbà 6 kí ó tó rí ẹranko kankan, ìgbà 6 mìíràn ní àbọ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kọ̀, ìrìn-àjò ti parí. Ta ni yóò sì gbé e? Ní àdúgbò tí Mùsùlùmí pọ̀ sí bí Rigasa, kò dára kí ọkùnrin kan ṣáà gbá ọmọbìnrin tí ó ti ń bàlágà mọ́ra láìbèèrè lọ́wọ́ òun àti ìyá rẹ̀ (kò sì dára níbòmíràn náà). Olùkọ́ obìnrin tí ó mọ bí a ṣe ń gbé ènìyàn gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ọdún 2018 tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Òfin náà fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo ìlú ń lò ní ọdún 5 láti tún un ṣe kí ẹni tó wà lórí àga onítáyà lè wọ̀ ọ́. Ọdún 5 náà pé ní 2024. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ka òfin yìí sí, ọgbà ẹranko tí ìjọba tàbí yunifásítì ń ṣàkóso, tí gbogbo ènìyàn ń san owó wọ̀, kò yọ sílẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí pátápátá ní 2010, tún dárúkọ ibi ìgbafẹ́ àti ibi àrìnrìn-àjò afẹ́ ní abala 30 rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àánú ni a ń tọrọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí wọ́n bá ti ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu géètì, ó ti tán. Kò tán rárá, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pàápàá sì ní ìwọ̀n. Ìwọ̀n tí a ń lò káàkiri ayé ni pé kí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 12 gíga rẹ̀. Bí àtẹ̀gùn bá ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ọ̀nà náà yóò sì gùn ní mítà 7.2. Èyí tí àwọn bíríkìlà sábà máa ń fi símẹ́ǹtì dà sí mítà méjì péré, ewu ni. Àga yóò ré sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà inú ọgbà: ilẹ̀ yangí tó dán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa di ẹrẹ̀ nígbà òjò, táyà kékeré iwájú àga a sì rì.

Ká ní ọmọ náà dé ìdí ọgbà ọ̀nì. Ògiri tí wọ́n mọ yí i ká ga dé àyà àgbàlagbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó jókòó kò ní rí nǹkan kan ju símẹ́ǹtì lọ. Ó ti wọlé o, ó ti sanwó, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nì. A kò sọ pé kí wọ́n wó ògiri. Ààbò ṣe pàtàkì, apá ìnàkí gùn ju bí àlejò ṣe rò lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé kí wọ́n la apá kan nínú ògiri náà, kí wọ́n fi àwọ̀n irin líle tàbí gíláàsì tó nípọn dí i.

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ìdí nìyí tí a fi ń kó ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí ibi kékeré tí wọ́n ń kó ẹranko sí fún ìkọ́ni. Ṣùgbọ́n kí ni àfojúbà ọmọ tí kò ríran? Ọwọ́ rẹ̀ ni, àti etí, àti imú. Ọmọ yìí ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá láti kékeré, ó mọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ìjàpá ju ẹnikẹ́ni lọ, ó sì lè má tíì fọwọ́ kan èépá rẹ̀ rí. Ọgbà tí ó bá ní èépá ìjàpá, ìwo ẹfọ̀n, awọ tí òjòlá bọ́ sílẹ̀, ìyẹ́ ọ̀kín àti ẹyin ògòǹgò nínú àpótí kan ti ní ohun ìkọ́ni tí kò ná an ní nǹkan. Ara ẹranko tí ó wà níbẹ̀ ni ó ti rí wọn. Kí wọ́n sì mú ọmọ náà dé ìdí kìnnìún ní àkókò tí ó sábà máa ń bú ramúramù. Ohùn yẹn lè dé kìlómítà 8 nínú igbó. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ láti ìtòsí kò ní béèrè ìdí tí a fi ń pè é ní ọba ẹranko.

Ti ọmọ tí kò gbọ́ràn yàtọ̀, àṣìṣe tó wà níbẹ̀ sì rọrùn láti tún ṣe. Amọ̀nà a máa kọjú sí àgò, á máa nawọ́ sí ẹranko, á sì máa sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ tí ń fi ojú gbọ́ ọ̀rọ̀ kò lè wo ọwọ́ ògbufọ̀ kó tún wo ọ̀bọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí amọ̀nà kọ́kọ́ kọjú sí àwọn ọmọ, kí ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kí ó dákẹ́, kí wọ́n wá wò. Èdè ọwọ́ wo ni ògbufọ̀ náà yóò lò? Èyí tí wọ́n ń kọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé adití wa wá láti inú ti Amẹ́ríkà, èyí tí Andrew Foster mú wá sí Ìbàdàn ní 1960. Ní ilẹ̀ Haúsá, àwọn adití ní ti ara wọn, wọ́n ń pè é ní maganar hannu. Ọmọ Rigasa tí kò tíì pẹ́ ní ilé ìwé lè jẹ́ èyí nìkan ni ó gbọ́. Kí olùkọ́ bèèrè kí ó tó wá ògbufọ̀.

Ohun kan kù tí ojú máa ń tì wá láti sọ: ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò bá gba àga onítáyà, ọmọ náà kò ní mu omi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, nínú oòrùn. Kì í fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a ń fẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi kún iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kò ju téèpù ìwọnlé kan àti ọjọ́ kan lọ. Kí wọ́n ṣáájú àwọn ọmọ lọ sí ọgbà náà. Kí wọ́n wọn ẹnu géètì, àtẹ̀gùn, ògiri ìdí ẹranko àti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí wọ́n bèèrè bóyá ìwo àti ìyẹ́ wà tí ọmọ lè fọwọ́ kàn. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé kan, kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ alákòóso ọgbà, kí ìkejì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ilé ìwé mìíràn tí yóò tún lọ. Bí alákòóso bá dáhùn pé àwọn yóò tún àtẹ̀gùn ìdí ìnàkí ṣe, kí wọ́n padà lọ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìrìn-àjò fún àwọn òbí.