Áńpílífáyà Oní-fáàfù: Ìyàtọ̀ Láàárín Ohùn Àdáṣe àti Ohùn Tì-kí-n-fà

Ní àwọn ọdún 1960, ọ̀nà méjì ni ará Port Harcourt lè gbà gbọ́ orin háíláìfù. Ó lè lọ sí gbọ̀ngàn ijó láti gbọ́ ẹgbẹ́ olórin lójúkojú, ó sì lè jókòó sílé kí ó gbọ́ orin kan náà láti inú rédíò tàbí gírámófóònù. Ọ̀kan nínú àwọn olórin tí ìtàn háíláìfù agbègbè náà kò lè yọ sílẹ̀ ni Rex Lawson, ọmọ Kalabari láti Buguma, akọrin àti afọntíróńpẹ́ẹ̀tì, tí ó kú ní ọdún 1971. Ẹni tí ó gbọ́ Lawson ní gbọ̀ngàn, tí ó sì tún gbọ́ àwo rẹ̀ nílé, yóò mọ̀ pé ohùn méjèèjì kò rí bákan náà. Ohun púpọ̀ ló lè fa èyí, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí: irú áńpílífáyà tí ohùn náà gbà kọjá.

Áńpílífáyà ni ẹ̀rọ tí ń gba ohùn tí kò lágbára, tí ó sì ń fún un ní agbára tí yóò fi mú sípíkà mì. Kí transistor tó gbòde, fáàfù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìgò kékeré ni, tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí iná mànàmáná sì ń gba inú òfìfo rẹ̀ kọjá. Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe baba ńlá irú fáàfù bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1906.

Bí ọ̀nà méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀nà kìíní ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní single-ended. Orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí fún un ni àdáṣe. Fáàfù kan ṣoṣo ní ìparí ẹ̀rọ náà ló ń gbé ìgbì ohùn lódindi, àti apá òkè rẹ̀ àti apá ìsàlẹ̀. Ó dà bí obìnrin tí ó ń dá iyán gún: kò sí ẹni tí yóò gbà á fún un, kò sì lè sinmi. Bí orin ń lọ, bí orin dákẹ́, iná kò dẹ́kun láti máa ṣàn nínú fáàfù náà. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbóná tí ó sì ń fi iná ṣòfò. Bí ó ti wù kí wọ́n ṣe é dáadáa tó, kò lè sọ ju ìdajì iná tí fáàfù ìparí náà ń jẹ di ohùn.

Ọ̀nà kejì ni push-pull, èyí tí a lè pè ní tì-kí-n-fà. Nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà ń sọ ìgbì ohùn di méjì, ó sì ń dojú ọ̀kan dé. Fáàfù kan ń gbé èyí tí ó dúró, èkejì ń gbé èyí tí a dojú rẹ̀ dé; bí iná ti ń pọ̀ sí i nínú ọ̀kan ni ó ń dín kù nínú èkejì. Tiransifọ́mà ìparí ló ń pa iṣẹ́ wọn pọ̀ fún sípíkà. Èyí dà bí obìnrin méjì tí ń gún iyán nínú odó kan: bí ọmọ odó kan ti ń lọ sókè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀.

Kì í ṣe iye fáàfù ló ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá to fáàfù méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ tí gbogbo wọn ń ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, àdáṣe ni síbẹ̀. Iṣẹ́ tí ó dojú kọra wọn ni ó ń jẹ́ tì-kí-n-fà.

Ọ̀rọ̀ agbára

Òwe tí ó ní àdáṣe ní í hunni, àjọṣe kì í hunni, bá ọ̀rọ̀ agbára mu. Fáàfù EL84, tí ó wọ́pọ̀ nínú rédíò àwọn ọdún 1950, ń mú nǹkan bí wáàtì 5 jáde bí ó bá dá ṣiṣẹ́. Bí méjì rẹ̀ bá ṣe tì-kí-n-fà, wọ́n lè mú tó wáàtì 15 jáde, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì lọ. Mẹ́rin ló wà nínú Vox AC30, áńpílífáyà gìtá tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 30. Síbẹ̀, wáàtì kì í ṣe ariwo. Kí etí tó gbà pé ohùn kan ti pọ̀ ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ ní láti tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá.

Àbùlà inú ohùn

Kò sí áńpílífáyà tí kì í fi nǹkan kún ohùn. Bí ohùn fèrè kan bá ń mì ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ lè bu 400 lé e, tí í ṣe ìlọ́po méjì, àti 600, tí í ṣe ìlọ́po mẹ́ta. Àbùlà ni èyí, nítorí pé kò sí nínú ohun tí afunfèrè fun.

Nínú àdáṣe, ìlọ́po méjì ló sábà máa ń pọ̀ jù, nítorí pé fáàfù kan ṣoṣo kì í gbé apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ìgbì lọ́nà tí ó dọ́gba. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá ń kọ orin kan náà, tí ohùn obìnrin wà lókè tí ti ọkùnrin wà nísàlẹ̀, etí gbà pé orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Bí ìlọ́po méjì ṣe rí sí etí nìyẹn. Kì í dún bí àléébù. Ohun tí olùgbọ́ yóò sọ ni pé ohùn náà kún, pé ó sún mọ́ni. Nítorí náà, àwọn tí ó ní ohùn àdáṣe jẹ́ òtítọ́ jùlọ ń fi adùn pe òtítọ́.

Nínú tì-kí-n-fà, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń fi ìlọ́po méjì kún ohùn, ṣùgbọ́n bí fáàfù méjèèjì bá dọ́gba, àbùlà náà dojú kọra nínú tiransifọ́mà, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ìlọ́po mẹ́ta kì í parẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń fún ohùn ní ẹnu mímú. Àpapọ̀ àbùlà lè kéré gan-an. Áńpílífáyà tí D. T. N. Williamson ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Wireless World ní ọdún 1947 ń mú wáàtì 15 jáde pẹ̀lú àbùlà tí kò ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ. Kì í ṣe tì-kí-n-fà nìkan ló ṣe é: ẹ̀rọ náà tún ń dá díẹ̀ nínú ohùn ìparí padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ó lè fi tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe.

Tì-kí-n-fà ní àléébù tirẹ̀. Bí wọn kò bá ṣètò fáàfù méjèèjì dáadáa, ohùn máa ń gé níbi tí ọ̀kan ti ń gbé iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́, bí ìgbà tí ọmọ odó méjì kọ lu ara wọn. Ohùn jẹ́jẹ́ ni èyí ń bà jẹ́ jùlọ. Ní ti àdáṣe, iná tí kò dáwọ́ dúró nínú tiransifọ́mà ń mú kí ohùn ìsàlẹ̀, irú ti ìlù ńlá, ṣòro láti gbé jáde, àyàfi bí tiransifọ́mà náà bá tóbi. Ó tún máa ń jẹ́ kí ìkùn iná tètè bọ́ sínú sípíkà, nígbà tí tì-kí-n-fà ń pa púpọ̀ nínú ìkùn náà rẹ́.

Gbọ̀ngàn àti ilé

Púpọ̀ nínú rédíò orí tábìlì ìgbà náà jẹ́ àdáṣe, nítorí pé fáàfù ìparí kan tó fún iyàrá kan, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Gbọ̀ngàn ijó tí ó kún fún èrò ń fẹ́ agbára ńlá, tì-kí-n-fà ló sì lè pèsè rẹ̀.

Irú orin tún ṣe pàtàkì. Bí ohùn méjì bá jọ wọ inú ẹ̀rọ tí ń ṣe àbùlà, wọ́n máa ń bí ohùn mìíràn: 200 àti 300 lè bí 100 àti 500. Bí ó bá jẹ́ akọrin kan pẹ̀lú gìtá kan, èyí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Lawson ní fèrè onídẹ, gìtá, ìlù àti ègbè. Bí ènìyàn bá gbé irú orin bẹ́ẹ̀ sókè jù lórí àdáṣe oníwáàtì 5, gbogbo rẹ̀ yóò dà pọ̀, etí kò sì ní lè ya tíróńpẹ́ẹ̀tì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ohun tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹnikẹ́ni tí ń kó orin inú àwo àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, yálà háíláìfù, àpàlà tàbí sákárà. Àbùlà kì í yí bí ohùn ṣe ga tàbí bí ó ṣe rẹlẹ̀ padà, nítorí náà ohun tí dùndún bá sọ kò ní di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí ó lè yí padà ni àwọ̀ ohùn, èyí tí etí fi ń dá ìyáàlù mọ̀ yàtọ̀ sí omele, tí ó sì fi ń gbọ́ ṣaworo létí awọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlù onílù kan ní ohùn kíkún lè jẹ́ pé fáàfù ló ń yìn.

Nítorí náà, ó yẹ kí irú áńpílífáyà tí wọ́n lò wà nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ọ̀kan wé èkejì, kí àwo jẹ́ ọ̀kan náà, kí sípíkà jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n sì rí i pé ohùn méjèèjì lọ sókè dọ́gba, nítorí pé etí sábà máa ń dá ẹ̀tọ́ fún èyí tí ó bá pariwo jù.