Ijó Ti Parẹ́, Orin Rẹ̀ Wà Nínú Àwo

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 1912, ní ilé ìṣeré Châtelet ní ìlú Paris, adarí orin kan gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, orin ijó "Daphnis et Chloé" sì dún létí àwọn ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ìtàgé. Pierre Monteux ni orúkọ rẹ̀. Maurice Ravel, ẹni tí ó kọ orin náà, jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀: ọdún 1875 ni a bí àwọn méjèèjì.

Sergei Diaghilev, olórí ẹgbẹ́ oníjó Ballets Russes, ni ó gbé iṣẹ́ náà fún Ravel. Michel Fokine ṣètò ijó rẹ̀; Vaslav Nijinsky àti Tamara Karsavina sì jó o. Ṣùgbọ́n Diaghilev kì í gbà kí a ya ijó ẹgbẹ́ rẹ̀ sí sinimá. Ẹsẹ̀ àwọn gbajúmọ̀ wọ̀nyí ti lọ bí ìrì òwúrọ̀. Ìwé orin ni ó kù, àti Monteux fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1959, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, Monteux tún darí orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní London, ilé iṣẹ́ Decca sì gbà á sílẹ̀ sínú àwo. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. (Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ olórin kan náà, London Symphony Orchestra, fi í ṣe adarí àgbà, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n!)

Ìtàn náà kò le. Daphnis, darandaran kan, fẹ́ràn Chloé. Àwọn olè ojú òkun jí ọmọbìnrin náà gbé. Òrìṣà Pan sì dẹ́rù bà wọ́n títí ó fi gbà á padà. Ọ̀pọ̀ àwo kò gba ju apá ìkẹyìn lọ, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Àdánù gbáà ni. Ta ni yóò mọ adùn ìdájí bí kò bá la òru kọjá? Nínú àwo Monteux, olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn àwọn akọrin nínú òkùnkùn, láìsí ìlù, láìsí fèrè, láìsí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn. Ní ọdún 1914, nígbà tí Diaghilev fẹ́ fi ijó náà hàn ní London láìsí àwọn akọrin wọ̀nyí, Ravel kọ ìwé ẹ̀hónú sí àwọn ìwé ìròyìn.

Lẹ́yìn òru ni ilẹ̀ wá ń mọ́. Fèrè ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí omi tí ń ṣàn láàárín òkúta. Láti ìsàlẹ̀, ohùn kan ń gòkè díẹ̀díẹ̀, Monteux kò sì kán an lójú rárá. Nígbà tí oòrùn yọ tán, gbogbo ilé ni yóò kún.

Ijó ìkẹyìn ni ó fún àwọn oníjó ní wàhálà, nítorí márùn-ún márùn-ún ni a ń ka lílù rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ọ̀gá wọn ni wọ́n fi ń kà á: Ser-gei-Dia-ghi-lev. Ẹni tí ó mọ bí onílù wa ti ń fi ọ̀rọ̀ di ìlù mú kò ní ka èyí sí ìyanu. Kí olùgbọ́ máa pe orúkọ náà lábẹ́ ahọ́n bí àwo náà bá ti ń súnmọ́ òpin; kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi bá a dá sí i.